Láti Ipò Alágbe dé Ipò Olùkọ́: Ohun Tí Ìgbésí Ayé Àwọn Olórin Fi Kọ́ Wa

Ìfáárà

Lẹ́nu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ̀ún. Bí a bá fẹ́ mọ bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ tí ó sì ń ṣú fún olórin ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún tí ó kọjá, irú ilé tí a bí i sí, iṣẹ́ tí ó ń ṣe jẹun kí orin tó bọ́ ọ, àti orin tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn láti máa gbọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni nínú wọn tí ó jókòó kọ ìwé ìtàn ara rẹ̀. Ohun tí wọ́n ní í sọ nípa ìyá àti baba, nípa ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá, inú àwo orin ni ọ̀pọ̀ wọn sọ ọ́ sí. Àwọn mìíràn sọ ọ́ fún oníwèé ìròyìn àti òṣìṣẹ́ rédíò. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn àwùjọ Yorùbá ní láti kọ́ bí a ti ń tẹ́tí sí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí a jùmọ̀ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí. Kí ni ó dé tí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó ní ẹ̀bùn orin fi ní láti fi iṣẹ́ mìíràn bojú, tí àwọn kan tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún òbí wọn, kí wọ́n tó lè di olórin? Ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé àwọn baba wa kò ka orin sí iṣẹ́. Lójú tèmi, ìdáhùn yìí kò kún tó. Yorùbá kò kórìíra orin rí. Ẹni tí ń kọ ọ́, ibi tí ó ti ń kọ ọ́, àti ọ̀nà tí owó ń gbà dé ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ìgbésí ayé àwọn olórin díẹ̀ tí a ó mẹ́nu bà yóò fi èyí hàn.

Àyàn àti Alágbe

Láyé àtijọ́, iṣẹ́ ìdílé ni ìlù lílù. Ọmọ tí a bá bí sí ìdílé onílù, Àyàn ni a fi ń pè é: Àyándélé, Àyánwálé, Àyánkúnlé, Àyántúndé. Kò sí ẹni tí ó ń bi ọmọ Àyàn léèrè ìdí tí ó fi gbé ìlù kọ́ èjìká, gẹ́gẹ́ bí kò ti sí ẹni tí ó ń bi ọmọ alágbẹ̀dẹ léèrè ìdí tí ó fi ń fín ẹwìrì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjálá jẹ́ ti ọdẹ, tí ẹ̀sà jẹ́ ti eléégún, tí ẹkún ìyàwó sì jẹ́ ti ọmọge tí ń lọ sí ilé ọkọ. Orin wọ̀nyí ní ilé, wọ́n ní ọjọ́, wọ́n sì ní ẹni tí ó ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí ìlú ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í gba èrò láti ibi gbogbo. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí ó ti Èkó wá dé Ìbàdàn ní 1901. Lẹ́yìn náà ó gba Òṣogbo àti Ọ̀fà kọjá lọ sí Ìlọrin. Ọkọ̀ náà kó ọjà, ó kó òṣìṣẹ́, ó sì kó orin pẹ̀lú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kì í ṣe ọmọ Àyàn, tí kì í ṣe ọmọ ọdẹ, lè gbé gìtá tàbí sákárà lọ́wọ́, kí ó máa kọrin fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lè sanwó. Òun ni àwọn àgbà wò tí wọ́n pè ní alágbe. Kì í ṣe pé ohùn rẹ̀ kò dùn létí wọn. Ohun tí ó kọ wọ́n lóminú ni pé kò sí ìdílé tí ó fún un ní àṣẹ láti kọrin, àti pé ẹnu ọ̀nà onílé ni ó ti ń gba owó. Ẹni tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ àti ẹni tí ń tọrọ báárà jọ ara wọn lójú wọn.

Ilé Ransome-Kútì: Orin Kan Náà, Ibi Méjì

Àpẹẹrẹ tí ó fi ìyàtọ̀ yìí hàn kedere ni ti ìdílé Ransome-Kútì ní Abẹ́òkúta. Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kútì, tí a bí ní 1855 tí ó sì kú ní 1930, lo orin láti fi wàásù. Nígbà tí ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, ó kọ orin mẹ́tàlélógójì (43) ní èdè Yorùbá sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Àwọn àwo náà wà lára àwo orin Yorùbá tí ó pẹ́ jù lọ tí ó kù sí wa lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó pe àlùfáà yìí ní alágbe. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ti ń kọrin, Ọlọ́run ni ó ń kọ ọ́ fún, ipò àlùfáà ni ó sì ń bọ́ ọ.

Ọmọ rẹ̀, Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, di olórí ilé-ìwé gíga Abẹ́òkúta Grammar School, òun sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà tí a dá sílẹ̀ ní 1931. Ìyàwó rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, ni aṣáájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tí wọ́n kọ owó orí títí Aláké Adémọ́lá fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949. Nínú irú ilé báyìí, ìwé ni ọ̀nà tí a là sílẹ̀ fún ọmọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, Olíkóyè, di oníṣègùn, ó sì di Mínísítà fún Ètò Ìlera. Oníṣègùn ni Bẹ́kọ̀ pẹ̀lú. Iṣẹ́ yìí kan náà ni wọ́n rán Fẹlá lọ kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1958. Nígbà tí Fẹlá dé ọ̀hún, ilé-ẹ̀kọ́ orin Trinity College of Music ni ó wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá-àgbà kọrin, ìdílé fi yangàn. Ọmọ-ọmọ fẹ́ kọrin, ojú ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń wò fún un. A kò lè sọ pé ìdílé yìí kórìíra orin. Orin alẹ́, orin ilé ijó, tí kò ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé-ìwé lẹ́yìn, ni kò sí nínú ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà lè fi ọmọ wọn sí. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, Fẹlá kò pa ilé rẹ̀ tì nínú orin. Nígbà tí àwọn ṣọ́jà kọ lu ilé rẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 1977, tí wọ́n ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé, tí ìyá náà sì kú ní 1978, ó fi ìbànújẹ́ náà ṣe àwo orin tí òpìtàn kankan kò gbọdọ̀ fojú fò dá. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran.

Isaiah Kẹ́hìndé Dáíró: Onígbàjámọ̀, Alájàpá, Olórin

Ọ̀fà ni wọ́n ti bí Isaiah Kẹ́hìndé Dáíró, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni ìdílé rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Kì í ṣe ọmọ Àyàn. Síbẹ̀, baba rẹ̀ ni ó ṣe ìlù kan fún un nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 7. Ìlù yìí ni ó gbé lọ́wọ́ nígbà tí owó ilé-ìwé wọn ilé, tí ó sì ní láti padà sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà láti lọ wá iṣẹ́ ṣe. Iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, a lọ jókòó ti àwọn tí ń lù, a sì máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Báyìí ni ó ṣe mọ orin tí ó wù ú, tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán an wò.

Ní 1948, ó lọ sí Ẹdẹ, níbi tí ó ti ń kiri aṣọ fún ọ̀gá kan. Ọjọ́ kan dé tí ọ̀gá kò sí nílé. Dáíró tẹ̀lé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ lu ìlù níbi ìnáwó kan, ọ̀gá sì dé bá a lójijì. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìlù. Òun kò torí èyí ju ìlù sílẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ agbára títí ó fi ní owó ọkọ̀ tí ó gbé e dé Ìbàdàn, ó sì bá Daniel Òjògé, ọ̀kan nínú àwọn àgbà onijùjú, ṣeré fún ìgbà díẹ̀. Ní 1957 ni ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Morning Star ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà, kí ó tó di Blue Spots.

Ohun mẹ́ta ni ẹ̀rí Dáíró fi kọ́ wa. Èkíní, àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ: olórin ìgbà náà ní iṣẹ́ òòjọ́ tí ó ń ṣe ní ọ̀sán, alẹ́ ni ó yá sọ́tọ̀ fún orin. Èkejì, orin tí ènìyàn fẹ́ràn kì í wá láti ibì kan ṣoṣo. Ìlù tí baba ṣe, ohùn agbègbè Ìjẹ̀ṣà, àti orin ìjọ Aládúrà wà nínú orin Dáíró. Ó tún mú àkọ́díọ̀nù, dùùrù tí a ń gbé sáyà tí a ń fà tí a ń tẹ̀, wọ inú jùjú. Ẹ̀kẹta, ipò olórin lè yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá bí ìlú bá rí ìdí tí ó fi yẹ kí ó yí padà. Ní 1963, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún Dáíró ní oyè M.B.E. Onígbàjámọ̀ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ẹdẹ nítorí ìlù, nítorí ìlù kan náà ni ó fi gba oyè.

Ọmọ Ọba àti Ṣọ́jà

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí fún ọmọ tálákà, báwo ni ti ọmọ ọba? Ní 1946 ni a bí Sunday Adéníyì Adégẹye, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Sunny Adé, ní Òṣogbo. Ìdílé ọba ní Oǹdó ni ó ti wá. Baba rẹ̀ ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá rẹ̀ ń ṣòwò. Kí ọmọ ọba máa kọrin gbowó jẹ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ gbọ́. Nítorí náà, nígbà tí ó fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní Oǹdó, ohun tí ó sọ ni pé Yunifásítì Èkó ni òun ń lọ. Ẹgbẹ́ orin Moses Ọláìyá, ẹni tí a wá mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ni ó wọ̀. Ní 1967, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì pè é ní Green Spots. Ẹni tí ó bá ti mọ Blue Spots ti Dáíró yóò mọ ibi tí orúkọ yìí ń wò.

Orin Túndé Nightingale ni Sunny Adé fẹ́ràn tí ó sì fi kọ́ṣẹ́. Nightingale náà ti ṣe iṣẹ́ ológun rí, ó sì ti ṣe iṣẹ́ rélùwéè, kí orin tó di iṣẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàkíyèsí okùn yìí: òṣìṣẹ́ rélùwéè ni ọmọ ọba ń wò kọ́ iṣẹ́. Nínú ètò ìdílé, irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Nínú ètò orin, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Ìtàn Síkírù Àyìndé Balógun, tí a mọ̀ sí Barrister, jọ èyí, ó sì yàtọ̀. A bí i ní 1948. Alápatà ni baba rẹ̀, oníṣòwò ni ìyá rẹ̀. Ọmọ nǹkan bí ọdún 10 ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wéré, orin tí àwọn ọmọ Mùsùlùmí fi ń jí ènìyàn sí sààrì nínú oṣù Ramadan. Kò sí òbí tí yóò bínú sí èyí, nítorí ẹ̀sìn wà lẹ́yìn rẹ̀. Barrister kọ́ iṣẹ́ títẹ ìwé lórí ẹ̀rọ, ó ṣe akọ̀wé, ó sì wọ iṣẹ́ ológun nígbà ogun abẹ́lé. Lẹ́yìn ogun ni ó fi aṣọ ṣọ́jà sílẹ̀, tí ó sì sọ wéré oṣù kan di fújì ọdún yípo. Ìyípadà yìí gan-an ni ìtàn: orin tí ó ti ní ọjọ́ àti ìdí tẹ́lẹ̀ ni ó yọ jáde kúrò nínú oṣù ààwẹ̀, tí ó wọ gbàgede ìnáwó. Barrister kú ní 2010, ṣùgbọ́n kò sí òde ìnáwó ní ilẹ̀ Yorùbá tí fújì kò tíì dé.

Àwọn Obìnrin

Ẹrù obìnrin olórin wúwo ju èyí lọ. Bí wọ́n bá pe ọkùnrin ní alágbe, wọn yóò tún bi obìnrin léèrè ẹni tí ó fi í sílẹ̀ tí ó ń rìn lóru. Síbẹ̀, àwọn obìnrin kọ wákà. Bátílì Àlàkẹ́ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé wákà sínú àwo orin. Ní 1976, Sàláwà Àbẹ̀ní, tí a bí ní 1961, ṣe àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí ikú Ọ̀gágun Murtala Mohammed. Ọmọdébìnrin ni nígbà náà, ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè ni ó sì gbé sẹ́nu. Ní 1992, Aláàfin Ọ̀yọ́, Ọba Làmídì Adéyẹmí, fi í jẹ Ọbabìnrin Wákà. Nígbà tí ààfin Ọ̀yọ́ bá fi oyè dá obìnrin olórin lọ́lá, orúkọ alágbe kò tún ní ibi tí yóò dúró sí mọ́.

Ìwọ̀n Tí A Ó Fi Wọn Ẹ̀rí Olórin

Kò yẹ kí a gba gbogbo ohun tí olórin bá sọ nípa ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ ọ́. A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà. Ìwọ̀n mẹ́ta ni mo rò pé ó yẹ kí olùkọ́ fi lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́.

Ìwọ̀n àkọ́kọ́ ni ti àkókò. Nínú àwọn ìwé kan, 1930 ni a bí Dáíró. Nínú òmíràn, 1931 ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí nígbà tí àkọsílẹ̀ ọjọ́ ìbí kò tíì wọ́pọ̀. Irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ba ìtàn jẹ́. Ohun tí ó yẹ kí a dì mú ni ètò tí nǹkan gbà tẹ̀ léra: ìlù baba kí ó tó kan abẹ, abẹ kí ó tó kan aṣọ kíkiri, aṣọ kíkiri kí ó tó kan Ìbàdàn. Bákan náà, Barrister sọ pé àwòrán òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan tí òun rí ní pápákọ̀ òfuurufú ni òun fi sọ orin òun lórúkọ. Àwọn mìíràn sọ pé inú ọ̀rọ̀ fààjì ni ó ti wá. Èyíówù kí ó jẹ́, orúkọ nìkan ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Wéré ti wà kí orúkọ tó dé.

Ìwọ̀n kejì ni ti owó. Ẹni tí ó bá náwó fún olórin máa ń gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ nínú orin. Ọba Ìjẹ̀bú-Igbó ni Hárúnà Ìṣọ̀lá, àgbà olórin àpàlà, kọ orin fún nínú àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1948. Ẹgbẹ́ fàájì kan ní Òṣogbo ni ó sì kọ ọ̀kan nínú àwo rẹ̀ tí ó lókìkí jù fún ní 1971. Òpìtàn tí ó bá ka irú orin bẹ́ẹ̀ sí ìdájọ́ lórí ìwà ẹni tí a ń yìn yóò ṣìnà. Ṣùgbọ́n tí ó bá kà á sí ẹ̀rí ẹni tí ó lówó lọ́wọ́ ní ìlú, àwọn tí ó ń bá a rìn, àti oríkì tí ó wù wọ́n láti gbọ́, èrè rẹ̀ yóò pọ̀. Ó sì yẹ kí a rántí pé Hárúnà Ìṣọ̀lá àti Dáíró jùmọ̀ dá ilé-iṣẹ́ Star Records sílẹ̀ ní 1969. Mùsùlùmí olórin àpàlà àti Kirisẹ́nì olórin jùjú pawọ́ pọ̀ kí èrè orin wọn má bàa máa lọ sí ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè nìkan. Ẹni tí ó ni ilé-iṣẹ́ tí ń tẹ àwo rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ń dúró lẹ́nu ọ̀nà onílé mọ́.

Ìwọ̀n kẹta ni ti ìdákẹ́. Orúkọ ọ̀gá ni ó máa ń hàn gbàgà lára páálí àwo orin. Ta ni ó lu àdàmọ̀? Ta ni ó ń gbe orin? Ìyàwó wo ni ó ń ta ọjà kí ọmọ lè jẹun ní oṣù tí òde ìnáwó kò bá sí? Bí olórin bá dárúkọ ìyá rẹ̀ nígbà mẹ́wàá tí kò sì dárúkọ onílù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìdákẹ́ náà jẹ́ ẹ̀rí, ó sì yẹ kí a bèèrè ìdí rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ìjà tí ó wà láàárín òbí àti ọmọ lórí orin kì í ṣe ìjà láàárín ẹni tí ó fẹ́ràn orin àti ẹni tí ó kórìíra rẹ̀. Baba Dáíró ṣe ìlù fún ọmọ. Baba Sunny Adé ń tẹ dùùrù. Bàbá-àgbà Fẹlá kọ orin mẹ́tàlélógójì sínú àwo. Ẹ̀rù ni ó ń ba òbí: ẹ̀rù pé ọmọ yóò ṣe iṣẹ́ tí kò ní ilé, tí kò ní ẹ̀sìn tàbí ìdílé tí yóò dáàbò bò ó ní ọjọ́ tí ohùn bá há. Ẹ̀rù náà kì í ṣe àsọdùn, nítorí ọ̀pọ̀ tí ó gbé gìtá ní ìgbà náà ni a kò gbọ́ orúkọ wọn mọ́.

Ohun tí àwọn olórin wọ̀nyí ṣe ni pé wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ilé tí iṣẹ́ náà kò ní. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ àwo sílẹ̀, wọ́n kọ́ àwọn ọmọṣẹ́. Nígbà tí ó di 1994, Dáíró ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní orin ní Yunifásítì Washington ní ìlú Seattle, ní Amẹ́ríkà, kí ó tó kú ní 1996. Lẹ́yìn náà, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ pe Sunny Adé láti wá kọ́ni. Ọmọ tí ó fi orúkọ yunifásítì bojú kí ó lè kọrin, orin ni ó padà gbé e wọ yunifásítì.

Iṣẹ́ wà fún àwa olùkọ́. Ní ìlú kọ̀ọ̀kan tí a ti ń kọ́ni, àgbà olórin kan wà tí orúkọ rẹ̀ kò dé orí rédíò. Kí a rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí i nígbà tí ó ṣì lè sọ̀rọ̀. Kí wọ́n bi í léèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe ní ọ̀sán, ohun tí ìyá rẹ̀ sọ nígbà tí ó kọ́kọ́ gbọ́ pé ó ń kọrin, ẹni tí ó ń lu ìlù lẹ́yìn rẹ̀, àti orin ẹlòmíràn tí ó ń gbọ́ bí òun nìkan bá wà nílé. Kí wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọdún àti orúkọ ìlú, kí wọ́n sì fi àwọn ìwọ̀n mẹ́ta tí a mẹ́nu bà yìí wọ̀n ọ́n. Bí àgbà bá kú kí a tó bi í, kò sí ìwé ìdánwò tí yóò lè dáhùn ìbéèrè náà fún wa.